Òkúta Tó Kọjú sí Ògiri

Ọdún mẹ́wàá gbáko ni ìyá wa fi sùn nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láìsí òkúta lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ lè rò pé ìṣẹ́ ló ń ṣẹ́ wa. Rárá o. Bàbá wa ló kọ̀. Ó ní òkúta tí yóò bo òun àti ìyàwó òun ti wà nílẹ̀ ní kúárì etí òkun, pé òun fúnra òun ni òun ṣà á lẹ́sà, òun sì fi í pamọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ti kúárì náà pa lọ́dún 1931. Ó ní ìgbà tí òun bá ń lọ bá a ni kí a gbé e wá fún àwọn méjèèjì. Pásítọ̀ Parri bá a sọ ọ́ títí ó fi sú u. Igi pẹlẹbẹ kan la fi sàmì sí ibojì náà. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì á wo igi náà, wọn á wò mí, wọn á sì mi orí. Èmi náà á mi tèmi padà.

Ithel Probert lorúkọ bàbá wa, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni síléètì, òkúta tí wọ́n máa ń là pẹlẹbẹ láti fi bo òrùlé. Ní gbogbo etí òkun wa, kò sí ẹni tó mọ síléètì í là tó o nígbà ayé kúárì yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá wa kì í ṣe àṣìṣe. Nígbà kan ìyá wa rán an pé kó lọ ra ẹyin méjìlá lóko Bevan. Ó gbé mẹ́rìndínlógójì wálé, ó ní méjìlá náà nìyẹn, ó jókòó, ó jẹun. Ẹyin la jẹ títí ọdún Àjíǹde fi dé. Láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n ń rán lọ ra ẹyin.

Nínú oṣù kẹta ọdún 1975, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Dókítà gbọ́ àyà Bàbá, èyí tí eruku síléètì ti kún bámúbámú, ó fà mí lọ sí kíṣìnì, ó ní kí n má fojú sí i pé Bàbá yóò rí ìgbà ooru. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà tó lọ sí kúárì. Òkè etí òkun ń já, ni wọ́n wí, nítorí náà wọn yóò fi irin dí ọ̀nà náà pa lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀ mọ́. Mo sọ ti ìwé náà fún Bàbá. N kò sọ ti dókítà. Ó gbọ́ méjèèjì.

"Sátidé ni nígbà náà," ó ní. "Pe ẹ̀gbọ́n ẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi Idwal fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì ní ìlú ńlá. Ọdún méjìlá ló fi jù mí lọ. Àárín èmi àti òun, ọmọ méjì ni ìyá wa sin, wọn kò sì retí òmíràn mọ́ kí n tó dé. Idwal wọlé lálẹ́ Fúráìdè, ó gbé ìwé kan dání tí àwòrán òkúta ibojì kún inú rẹ̀, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá bí ẹni tó fẹ́ tajà.

"Ẹ wo eléyìí, Bàbá," ó ní. "Dúdú ni, ó ń dán. Èèyàn lè fi wo ojú."

"Ta ló fẹ́ wo ojú níbi sàréè mi?"

"Láti Ítálì ló ti ń bọ̀ o."

"Kó padà síbẹ̀."

Idwal ṣí ojú ìwé mìíràn. "Àwọn kúárì ará Àríwá náà ní síléètì tó dáa, aláwọ̀ àlùkò..."

Bàbá wú ikọ́ kan tó gùn, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ikọ́ nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ èsì. Nígbà tó parí, ó nu ẹnu rẹ̀. "Idwal, tí ẹ bá tẹ́ mi sábẹ́ síléètì àwọn ará Àríwá, mo máa dìde."

Idwal pa ìwé náà dé.

Bàbá wá sọ ibi tí òkúta rẹ̀ wà fún wa. Ó fara balẹ̀ sọ ọ́, ó ń mí láàárín gbólóhùn kan sí èkejì. "Ẹ gba ọ̀nà ojú irin sọ̀ kalẹ̀. Ẹ máa kan ilé tá a ń kó ẹ̀tù ìfọ́kúta sí, ẹ má wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá dé ahéré tá a ti ń jẹun, àwọn síléètì tá ò rí kó lọ ṣì wà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti ẹnu ọ̀nà lọ, ní ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ ka ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni tèmi wà, ó kọjú sí ògiri. Bẹ́ ẹ ṣe bá a ni kẹ́ ẹ gbé e. Ẹ ò gbọdọ̀ yí i."

"Kí ló dé tá ò gbọdọ̀ yí i?" ni Idwal bi í.

"Nítorí mo sọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé orí sàréè, kó sùn. Ojú tó wà nísàlẹ̀, kó máa wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí wọ́n kọ orúkọ sí. Mi ò fẹ́ òkúta tó máa dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá."

Mo rò pé agídí rẹ̀ ni. Agídí bàbá wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé èèyàn kì í bèèrè ohun tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ Sátidé, a mú okùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, fúláàsì tíì, búrẹ́dì àti wàràkàṣì, a sì rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó ní kí a má kọjá. Idwal wọ bàtà ìlú ńlá.

"Bàtà yẹn ò ní bá yín dé ìsàlẹ̀ o, Ẹ̀gbọ́n," mo ní.

"Mo ti fi wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́fà."

"Ẹ jókòó wà á ni. Bọ́ọ̀sì ló ń rìn."

Ọ̀nà ojú irin náà da gẹ̀rẹ́ bí òrùlé, irin rẹ̀ ti rà, koríko sì ti gba ààrin rẹ̀. A kan ilé ẹ̀tù. Bàbá ti ní kí a má wọ̀ ọ́, Idwal sì yọjú wo inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àgùntàn kan wà níbẹ̀. Ó wò wá bí onílé ṣe ń wo ẹni tí kò kanlẹ̀kùn, Idwal sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ronú.

Nísàlẹ̀, kúárì náà wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, yàtọ̀ sí pé òkun ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ihò ńlá tí àwọn èèyàn wa fi ọgọ́rùn-ún ọdún gbẹ́ ti di adágún aláwọ̀ ewé, omi rẹ̀ kò sì mì rárá. Àwọn òrùka irin tí wọ́n máa ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́ ṣì wà lára òkè, wọ́n ń sun ìpẹtà bí imú ọmọdé. Ẹ̀rọ tó ń fa òkúta gòkè wà ní ìdùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹyẹ òkun sì ti kọ́ ìtẹ́ sínú ikùn rẹ̀. Ilé mẹ́fà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé tò tẹ̀léra, ṣùgbọ́n kò sí síléètì kan ṣoṣo lórí ìkankan nínú wọn. Nígbà tí kúárì kú, àwọn ará abúlé wá tú òrùlé wọn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn òrùlé yẹn ló wà lórí ilé ìdáná wa, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣojú àlejò.

"Ṣé ibí yìí ló bo ilé fún ìdajì ayé?" ni Idwal wí. Ọ̀rọ̀ Bàbá ló ń sín jẹ.

"Ibí ni."

"Ìdajì ayé náà ò tiẹ̀ kí Bàbá kú iṣẹ́."

Ó dúró wo ahéré ìjẹun fún ìgbà díẹ̀ kí a tó súnmọ́ ọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa. "Mo rántí ọjọ́ yẹn," ó ní. "Fèrè dún lọ́sàn-án, lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Gbogbo wọn lọ sílé ọtí. Bàbá nìkan ló kù síbí. Nígbà tí kò dé, Ìyá gbé oúnjẹ ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá, èyí tí kò ṣe rí láyé ẹ̀. Nígbà tí wọ́n jọ padà wálé, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo rò pé wọ́n ti jà ni."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ẹja ni. Wọ́n gbé e padà wálé. Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣì ń dúpẹ́ ẹja náà.

Àwọn síléètì náà wà bí Bàbá ṣe wí. Láti ẹnu ọ̀nà ahéré, wọ́n dúró tẹ̀léra ní ẹsẹ̀ ògiri bí ìwé lórí pẹpẹ, ìlà wọn gùn, ìkejì fún mọ́ ìkíní, tí ojú kò fi lè rí ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn wọn. Ewédò ti bo orí wọn. Idwal bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ó ń fi ìka kan ẹnu síléètì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ka nọ́ńbà sókè bí ẹni ń ka èrò. Èmi tẹ̀lé e lẹ́yìn, mò ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ní gbogbo ogún. Lẹ́ẹ̀mejì ni ẹyẹ òkun kígbe tí ó sì gbàgbé iye tó kà dé, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ó bú ẹyẹ náà ní orúkọ tí n kò rò pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì lè mọ̀.

"Ọ̀ọ́dúnrún," ó wí nígbẹ̀yìn. A fa síléètì jáde lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àádọ́ta níbí, àádọ́ta lọ́hùn-ún. A dé ara ògiri. Ògiri la bá.

A tún wò ó. Ìgbín kan wà níbẹ̀.

Idwal jókòó sórí òkúta, ó nu ọwọ́. "Nesta, jẹ́ ká sòótọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógójì kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá ti darúgbó, ó ti gbàgbé. Àbí òkun ti gbé e lọ. Àbí kó má tiẹ̀ sí níbẹ̀ rí." Ó ki ọwọ́ bọ inú kóòtù rẹ̀, mo sì rí etí ìwé aláwòrán yẹn. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá.

Inú bí mi. N kò ní purọ́ nípa rẹ̀. "Ẹ gbé ìwé yẹn wá síbí?"

"Mo ní bóyá..."

"Ọdún mẹ́wàá, Ẹ̀gbọ́n! Ìlú ńlá lẹ wà. Èmi ni mò ń kọjá níwájú igi yẹn. Ọ̀dà tí mo fi ń kun orúkọ Ìyá, òjò máa ń fọ̀ ọ́ lọ lọ́dọọdún, mo máa tún un kọ. Lọ́dún tó kọjá mo kọ 'Lowri', àyè ò tó fún 'Probert' mọ́. Ẹ wá ní kí n gba dúdú tó ń dán láti Ítálì fún wọn? Tí Bàbá bá lọ tí òkúta ò bá sí, abẹ́ kí la máa tẹ́ àwọn méjèèjì sí? Abẹ́ pákó?"

Idwal gbé ìwé náà padà sí kóòtù, ó sì da tíì fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi kì í tọrọ àforíjì, àfi lọ́wọ́ àgùntàn. Tíì ni ó máa ń dà.

Mo mu ún ní ìdúró. Òjò wínniwínni ti bẹ̀rẹ̀. Mo wo síléètì tí a ti fà sílẹ̀ káàkiri, ó sì dùn mí, nítorí Bàbá kò ní fẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò tún rà wọ́n láyé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tò wọ́n padà. Mo mú méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Mo tò wọ́n. Méjì, ọ̀kan. Méjì, ọ̀kan. Ó yá mi lọ́wọ́, n kò sì mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kẹrin ni mo gbọ́ ohùn Bàbá nínú ọgbà wa, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí òun ń wa pòtétò tí èmi sì ń di apẹ̀rẹ̀ mú. Á kó méjì lọ́wọ́ kan, ọ̀kan lọ́wọ́ kejì, á jù wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, á ní, "Ọ̀kan."

"Ẹyin," mo ní.

"Kí ni?"

"Ẹyin méjìlá! Ẹ̀gbọ́n, ẹyin mélòó ni Bàbá gbé wálé?"

"Mẹ́rìndínlógójì. Ẹyin ni mo jẹ títí..." Mo rí i bí ìṣirò náà ṣe ń gun orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè. "Mẹ́ta-mẹ́ta."

"Bí wọ́n ṣe ń ka síléètì níbí nìyẹn. Ohun tọ́wọ́ méjèèjì bá kó lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan ni. Ọ̀ọ́dúnrún ti Bàbá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún tiwa ni."

"Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi Bàbá ṣe ẹlẹ́yà nítorí ẹyin yẹn," ni Idwal wí. Ó dìde. "Kò tiẹ̀ ṣàlàyé."

"Ta ló bi wọ́n?"

A tún bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta lọ́tẹ̀ yìí. A kọjá ibi tí òrùlé ahéré ti wó sílẹ̀, a kọjá férémù fèrèsé kan tí gíláàsì rẹ̀ ṣì wà. Nígbà tí a dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, Idwal kò jẹ́ kí n fà á. Ó ní òun ni àgbà. Ó fa síléètì mẹ́wàá jáde, ó fa mẹ́wàá sí i, ó sì ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ó fi oríkèé ìka rẹ̀ kàn án. Síléètì tó dára máa ń dún bí agogo, èyí tó ti là nínú máa ń dún bí pákó. Èyí dún gooro, ó dún pẹ́.

Idwal ṣí fìlà rẹ̀. N kò rò pé ó mọ̀ pé òun ṣí i.

Òkúta kan ni, búlúù tó fara jọ eérú, gígùn rẹ̀ tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, nínípọn rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa. Ó tẹ́jú, kò sí ìlà kankan lára rẹ̀, kò sí àbàwọ́n ìpẹtà kankan. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Bàbá mi ló là á, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Mo ronú kan Ìyá, mo sì sunkún díẹ̀. Idwal wo òkun títí mo fi ṣe tán.

A tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, a dẹ òkúta náà sórí rẹ̀ pẹ̀lú ojú rẹ̀ nísàlẹ̀, a sì so okùn mọ́ ọn. A kò yí i. Ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ, kì í sì í ṣe díẹ̀. Idwal mú iwájú, ó ń fi ẹ̀yìn rìn gòkè. Èmi mú ìsàlẹ̀, nítorí ìkòkò oúnjẹ igba ọmọ ni mò ń gbé ní ilé ìdáná ilé ìwé lójoojúmọ́, òun sì ń gbé sítíárìn bọ́ọ̀sì.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́," ó ń wí. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nijó àgbà."

"Ẹ máa gòkè, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ yéé pòwe."

Níbi tí ọ̀nà náà ti ga jù, ẹsẹ̀ bàtà ìlú ńlá yọ̀. Idwal jókòó lójijì, ó fa orí òkúta náà lé ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dúró gẹ̀rẹ́ níwájú mi, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ti rin gbingbin sì bọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Mo fi èjìká tì í. Ojú mi kò ju ìka mẹ́rin lọ sí abẹ́ òkúta náà. "Má fi í sílẹ̀!" ni Idwal ń pariwo lókè. "Jẹ́ kí n mí! Má fi í sílẹ̀!" N kò fi í sílẹ̀. Mò ń kàwé.

Lẹ́tà Bàbá ni. Mo mọ̀ ọ́n, òun ló gbẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa sókè ẹnu ọ̀nà. Ó wà ní ìlà mẹ́rin, ó jinlẹ̀, ó dọ́gba:

NÍ ÌRÁNTÍ
ITHEL PROBERT, ALASÍLÉÈTÌ
A BÍ I NÍ 1890
Ó KÚ NÍ ỌJỌ́ 14 OṢÙ KỌKÀNLÁ, 1931

Ọjọ́ tí wọ́n ti kúárì pa nìyẹn. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ọjọ́ náà, bàbá mi ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń la síléètì fún ọ̀gá rẹ̀, bí wọ́n bá sì fun fèrè ìjẹun, ó ń gbẹ́ ọjọ́ ikú ara rẹ̀ sílẹ̀, láìṣe àṣìṣe. Òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré yẹn, kò ju ìrìn ogún ẹsẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ogún oṣù kẹfà ọdún 1932 ni wọ́n bí mi. Mo ka oṣù sẹ́yìn níbẹ̀, pẹ̀lú òkúta lórí èjìká mi. Ẹ̀rù bà mí, bí ẹni pé wọn kò tíì bí mi, tí wọ́n ṣì ń ronú sí i.

"Ó ti tó," ni Idwal wí. "Ó yá."

Mo fi ọwọ́ kan fa bùláńkẹ́ẹ̀tì padà bò ó kí ó tó dìde, a sì gbé e dé òkè. Nígbà tí a dì í mọ́ orí mọ́tò tán, ó wò mí. "Ojú ẹ funfun. Kí ló ṣe ẹ́?"

"Ó wúwo," mo ní.

Bàbá ní kí a gbé e wọ inú yàrá òun, kí a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ níbi tí òun ti lè rí i. A tẹ́ ẹ, ojú rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó tẹ ara rẹ̀ síta lórí ibùsùn, ó na apá, ó fi oríkèé ìka kàn án, ó sì tẹ́tí sí i títí ohùn rẹ̀ fi parẹ́ pátápátá.

"Ẹ pẹ́," ó ní.

"A ṣi í kà, Bàbá," ni Idwal wí. "Ọ̀kan-ọ̀kan la kọ́kọ́ ka síléètì."

Bàbá wò ó pẹ̀lú àánú gidi. "Ọ̀kan-ọ̀kan. Ta ló ń ka síléètì ní ọ̀kan-ọ̀kan?"

Idwal ní òun ń lọ gbé omi tíì kaná. A gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé kíṣìnì. Bàbá dùbúlẹ̀ padà, kò wo ojú mi, òkè àjà ló ń wò.

"Ẹ yí i?"

"A ò yí i, Bàbá."

"Ta ló gbé apá ìsàlẹ̀?"

Mo lè purọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà yẹn, ó sì mọ bí òkúta ṣe ń dúró lórí rẹ̀. "Èmi ni."

Èémí rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń wọ́ kẹ̀kẹ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Lẹ́tà yẹn ńkọ́?" ó ní. "Ṣé omi ò tíì jẹ ẹ́?"

"Kò jẹ ẹ́. Ó gún régé. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀." Mo wo òkúta náà. "Àfi déètì."

"Déètì yẹn tọ̀nà nígbà tí mo gbẹ́ ẹ," ni Bàbá wí. "Ìyá ẹ ló bà á jẹ́."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà.

"Mo ti kó irin mi sínú àpò. Mo ti nu eruku inú lẹ́tà. Mi ò mọ iṣẹ́ míì í ṣe, Nesta, mi ò sì fẹ́ kọ́ òmíràn. Bí mo ṣe yíjú báyìí, ìyá ẹ ló wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ẹja. Kò kí mi. Ó ní, 'Gbà á lọ́wọ́ mi kíá, òórùn ẹ̀ ń mú mi bì.' Ìyá ẹ, tó máa ń jẹ orí ẹja mọ́ egungun! Mo wò ó. Ó wò mí. Ó wo òkúta. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní kí n bi ẹja."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo yí i kọjú sí ògiri," ó ní. "Mo tẹ̀lé e lọ sílé."

Kíṣìnì dákẹ́, àfi ìkòkò omi tó ń hó. Bàbá na ọwọ́ sílẹ̀ láti orí ibùsùn, ó wá orí mi títí ó fi kàn án, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ọwọ́ náà le bí pákó. N kò rántí ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Ojú yẹn, kó kọ sísàlẹ̀ sí ìyá ẹ," ó ní. "Òun nìkan ni mo fẹ́ kó máa kà á."

Idwal fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó gbé ife tíì mẹ́ta wọlé. Ó rí mi lórí ilẹ̀, ó rí omi ojú mi. "Kí lẹ ń sọ?"

"Ẹja," ni Bàbá wí, ó sì gba tíì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.